Bébà Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Láago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Aṣọ́lẹ̀ tú bébà àná kúrò lára ẹ̀rọ, ó sì rí i pé nǹkan kan kò bára mu. Ẹ̀rọ tí ń kọ ìmìtìtì ilẹ̀ sílẹ̀ ló ń ṣọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti yọ ìnagijẹ yẹn fún un. Láràárọ̀ ló ń fi pẹ́ńsù kọ ọjọ́ sórí bébà tuntun kó tó wé e mọ́ ẹ̀rọ. Lánàá tó jẹ́ Ajé, ọwọ́ rẹ̀ ṣe àṣìṣe, Ìṣẹ́gun ló kọ. Lórí bébà náà, ní aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú, abẹ́rẹ́ ti họ ọ́ títí ó fi ya. Bẹ́ẹ̀ lánàá ní aago yẹn, tíì inú ife rẹ̀ kò tilẹ̀ mì.

Ó gbé e lọ bá ọ̀gá. Ọ̀gá ní ẹ̀rọ ti darúgbó. Nígbà tí Aṣọ́lẹ̀ nàka sí ọjọ́ tó kọ, tó ní bóyá ti òní ni bébà ń sọ, ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ní kó sọ ohun tó máa ń sọ fáwọn tó ń fóònù bi wọ́n ìgbà tí ilẹ̀ máa mì.

"A lè sọ ibi tó ṣeé ṣe kó ti mì láàárín ọgbọ̀n ọdún," ni Aṣọ́lẹ̀ fèsì wúyẹ́wúyẹ́. "Sáyẹ́ǹsì ò tíì lè sọ ọjọ́, ká má tiẹ̀ wá sọ wákàtí."

"Ó tán nìyẹn. Lọ mu tíì ẹ."

Kò mu tíì. Òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ kan tí ògiri rẹ̀ ti sán ni màmá rẹ̀ ń dá gbé, ẹsẹ̀ ìyá náà kò sì ṣeé gbára lé mọ́. Bí ilé yẹn bá wó, inú rẹ̀ ni yóò kú sí. Ó wọ takisí lọ síbẹ̀, ó parọ́ pé òun fẹ́ fi ibi iṣẹ́ òun hàn án.

"Ọdún mọ́kànlá lo ti wà níbẹ̀," ni màmá wí. "Òní lo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé mo lójú."

Abẹ́ ilẹ̀, nínú àpáta, ni yàrá ẹ̀rọ wà, kò sí ibi tó le tó o ní gbogbo ìlú. Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlélógún ni wọ́n sọ̀, màmá ń sinmi lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń ṣàwàdà pé ọmọ òun fẹ́ sin òun láàyè. Aago mẹ́wàá ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún kó tó jókòó. Ọkàn Aṣọ́lẹ̀ wá balẹ̀.

Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ bébà náà sórí itan, tó mú rúlà. Ìmì kékeré ló máa ń kọ́kọ́ dé kí ńlá tó tẹ̀ lé e, àlàfo àárín wọn ló sì ń sọ bí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ṣe jìnnà sí ẹ̀rọ tó. Iṣẹ́ ojoojúmọ́ rẹ̀ ni, ìpayà ni kò jẹ́ kó ṣe é láàárọ̀. Ó wọ̀n ọ́n. Ó tún un wọ̀n. Kò sí àlàfo kankan. Kì í ṣe ilé màmá rẹ̀ ni bébà ń wí, abẹ́ àpáta tí wọ́n jókòó sí yìí gan-an ni.

"Màmá, ẹ dìde."

Màmá na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú. "Jẹ́ kí n mí ná."

Lẹ́yìn wọn, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í họ bébà.