Apẹ̀rẹ̀ Ìyá Àgbà àti Ọmọ Tí Kì í Gun Àtẹ̀gùn

"Oníbúrẹ́dì! Wòkè o! Apẹ̀rẹ̀ ń bọ̀!"

Bí Ìyá Àgbà ṣe máa ń pariwo láti ojú fèrèsé nìyẹn ní ìrọ̀lẹ́. Télọ̀ ni tẹ́lẹ̀, kí ojú tó di bàìbàì. Òkè téńté ilé alájà mẹ́ta ni òun, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin àti ọmọọmọ rẹ̀ jọ ń gbé. Ó so okùn gígùn mọ́ apẹ̀rẹ̀, ó ń fi fa nǹkan wá sókè. Búrẹ́dì ni, bisikíìtì ni, pẹ́ńsùlù ni, ohun tí ọmọ bá ti fẹ́, apẹ̀rẹ̀ á gbé e dé.

"Ọmọ tèmi ò ní fi àtẹ̀gùn dá ara rẹ̀ lágara," ló máa ń wí, á sì gbéra ga bí ẹni tó ṣe ọkọ̀ òfuurufú.

Jókòójẹ́ẹ́ ló sọ ọmọ náà, tó jẹ́ ọmọbìnrin ọdún méjìlá. Orúkọ ìwúrí ni. Kì í sáré, kì í gun nǹkan, kì í fa aṣọ ya. Bàbá rẹ̀ á fi ọkọ̀ gbé e lọ sílé ìwé, á gbé e bọ̀; ẹ̀ẹ̀kan yẹn nìkan ló ń rọra gun àtẹ̀gùn lójúmọ́. Bó bá ti dé, ó di orí àga, fóònù lọ́wọ́, títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ìyá Àgbà lọ ra òwú ìránṣọ. Bó ṣe ń padà bọ̀ ló bá Jókòójẹ́ẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n bá jọ ń gòkè. Ìyá Àgbà rèé, orúnkún ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, ìdí sì tóbi débi tí òun fúnra rẹ̀ fi máa ń ní ó yẹ kí wọ́n gba yàrá tirẹ̀ fún un. Síbẹ̀, ó dé òkè. Ó wẹ̀yìn, kò rí ọmọ.

"Jókòójẹ́ẹ́! Àbí o sùn sọ́nà ni?"

"Mo ń bọ̀, Màmá... ẹ jẹ́ kí n mí ná."

Ọmọ ti jókòó sí agbedeméjì àtẹ̀gùn, ọwọ́ láyà, ẹnu ń là bí ẹnu ẹja tí wọ́n gbé kúrò lómi. Ẹ̀rín ti wà lẹ́nu Ìyá Àgbà tẹ́lẹ̀. Ó gbé e mì. Bí ọmọ tó kéré báyìí bá ń mí báyìí, báwo ló ṣe máa rí tó bá dàgbà? 

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó di ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì gbọ́ ìlùkìkì ọkàn ọmọ, ó yẹ̀ ẹ́ wò níwá lẹ́yìn.

"Ọkàn rẹ̀ dáa, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ dáa. Màmá, kí ló máa ń ṣe tó bá ti ilé ìwé dé?"

"Kì í ṣe nǹkan kan!" Ìyá Àgbà ní, inú rẹ̀ ń dùn. "Ọmọ jẹ́jẹ́ ni." Ló bá ròyìn apẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. "A jẹ́ pé apẹ̀rẹ̀ nìkan ló ń ṣe eré ìdárayá nílé yín."

"Ìwọ nọ́ọ̀sì yìí, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o!"

"Ẹ má bínú, Mà. Nígbà tí ẹ̀yin wà lọ́mọ bíi tirẹ̀, kí lẹ máa ń ṣe nírọ̀lẹ́?"

Ojú Ìyá Àgbà rọ̀. Ó tún rí àgbàlá oníyanrìn tó wà lẹ́yìn ilé wọn ìjọ́sí, ó tún gbọ́ òórùn eruku tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin di orí okùn kan mú, èkejì wà lára òpó, òun ń fò ó, okùn ń na ilẹ̀, pà, pà, pà. Àwọn ìyá wọn ń pè wọ́n láti ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń dáhùn pé, "A ń bọ̀!" Kò sẹ́ni tó ń lọ.

"Àgbọ̀nrín ni wọ́n ń pè mí," ó ní. "Má wo ìdí yìí o, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ló dé."

Jókòójẹ́ẹ́ dijú, ó ń rẹ́rìn-ín. "Màmá! Ẹ̀yin? Àgbọ̀nrín?"

"Béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi!"

"Ta ló kọ́ yín nígbà náà?" Nọ́ọ̀sì bi í.

"Ta ló fẹ́ kọ́ wa? Wọ́n kàn ṣílẹ̀kùn fún wa ni."

Bó ṣe sọ ọ́ tán ló yíjú wo Jókòójẹ́ẹ́. Ó ti gbọ́ ohun tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde.

Nọ́ọ̀sì rọra ní, "Àìsàn kọ́ ló ń ṣe é, Mà. Ìrìn àti eré sísá ni kò mọ́ ọn lára. Ọmọ tó bá ti tó ọdún márùn-ún títí dé mẹ́tàdínlógún gbọ́dọ̀ lo wákàtí kan, ó kéré tán, lójoojúmọ́, fún ohun tó máa mú un mí kíákíá. Ó lè pín in sí díẹ̀díẹ̀. Kó máa fò, kó máa sáré, kó máa gun nǹkan, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kí egungun rẹ̀ lè le. Ẹ kàn má kó gbogbo rẹ̀ lé e lórí lọ́jọ́ kan."

Nírọ̀lẹ́, oníbúrẹ́dì wòkè títí, kò rí nǹkan kan.

"Màmá! Apẹ̀rẹ̀ dà?"

"Ó ti fẹ̀yìn tì! À ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ wá bá ẹ!"

Ìyá Àgbà ti fi àlùmọ́gàjí télọ̀ gé okùn kúrò lára apẹ̀rẹ̀. Wọ́n so orí kan mọ́ òpó ilé, oníbúrẹ́dì di èkejì mú.

"Àgbọ̀nrín, ẹ fò ká wò!" Jókòójẹ́ẹ́ ní.

Ìyá Àgbà ká yẹ̀rì sókè, ó fò lẹ́ẹ̀kan. Ó ní ilẹ̀ ló mì, kì í ṣe òun. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Jókòójẹ́ẹ́ bọ́ síbẹ̀. Ó kọsẹ̀, ó sinmi, ó tún fò. Àwọn ọmọ ilé kejì yọjú, wọ́n jáde, wọ́n tò sẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tó yá, bàbá rẹ̀ yọrí lójú fèrèsé. "Ẹ wọlé wá jẹun!"

"A ń bọ̀!" ìyá àgbà àti ọmọọmọ jọ dáhùn.

Kò sẹ́ni tó lọ nínú wọn.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ má máa yin ọmọ nítorí pé kì í mira. Bí ọmọ yín bá ń mí gúlegúle, ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ sílé ìwòsàn kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ara rẹ̀ bá dá, ẹ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ fúngbà díẹ̀, ẹ jẹ́ kó fẹsẹ̀ rìn, kó gun àtẹ̀gùn, kó bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré níbi tí ọkọ̀ kì í gbà. Kò gba owó. Okùn lásán tó o. Aṣọ tó bá ya, ẹ gbé e wá, télọ̀ ṣì wà.