Ẹni Tó Bá Mi Tẹ Kílọ́ọ̀ṣì

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, mo bá ìjókòó dẹ́rẹ́bà nínú mọ́tò ọkọ mi tó ti sún sẹ́yìn pátápátá. Èmi ni mo fà á síwájú lálẹ́ àná, nítorí n kò ga. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò sì sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Mo tún fà á síwájú, mi ò ráyè rò ó. Àkàngbé, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ti kìlọ̀: "Ìyàwó, láti ìgbà tí Ọlápàdé ti kú ni irin yìí ti dí ojúlé wa ní Surulere. Bó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde kí n tó dé lọ́sàn-án Jímọ̀, tìẹ ni. Bí kò bá jáde, àwọn tó ń ra irin àlòkù ń bá mi bọ̀."

"Yóò jáde, Ẹ̀gbọ́n."

Ó rẹ́rìn-ín. "Tíṣà ti di mẹkáníìkì!"

Ọlápàdé ọkọ mi ti ra kílọ́ọ̀ṣì tuntun kó tó kú. Èmi àti Ṣàfíù, mẹkáníìkì ará Mushin, ọ̀rẹ́ rẹ̀, la sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀, tí a pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì, tí a sì gbé e padà. Ó ku kí a lé afẹ́fẹ́ kúrò nínú òróró rẹ̀: ẹnì kan á máa tẹ pẹ́dà nínú mọ́tò, ẹnì kejì á máa tú nọ́ọ̀tì lábẹ́. Ni wọ́n bá pèrun.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ n kírun dé."

Mo wà lábẹ́ mọ́tò, mo ń nu nọ́ọ̀tì, nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí lókè mi. Mọ́tò mì díẹ̀, bí ìgbà téèyàn jókòó.

"Ṣàfíù, o mà tètè dé. Tẹ̀ ẹ́."

Pẹ́dà wọlẹ̀. Nǹkan líle kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì: kó, kó.

Bí Ọlápàdé ṣe máa ń fi òrùka rẹ̀ dá mi lóhùn nìyẹn nígbà tá a bá jọ ń ṣe bíréèkì. Ọwọ́ mi dúró. Òórùn àbọ́níkí tó máa ń fi pa orúnkún rọra sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi.

Mo tú nọ́ọ̀tì. Òróró hó.

"Tún un tẹ̀," mo wí jẹ́jẹ́.

Kó, kó.

A ṣe é títí òróró fi ń ṣàn geere. Nígbà náà ni géètì dún. Ṣàfíù wọlé, ẹní ìkírun lábíyá.

"Àǹtí, ẹ má bínú, lèmọ́mù ò tètè sọ̀ kalẹ̀. Háà! Ta ló bá yín tẹ̀ ẹ́?"

Mo jáde. Kò sí ẹnì kankan nínú mọ́tò. Ìjókòó tún ti sún sẹ́yìn. Mo fọwọ́ kan ọrùn mi: òrùka Ọlápàdé ṣì wà lórí ẹ̀wọ̀n mi.

A sọ mọ́tò kalẹ̀ láti orí jáàkì. Mo fa ìjókòó síwájú, mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì, mo ki jíà bọ̀ ọ́. Mọ́tò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn! Àkàngbé àti àwọn onírin rẹ̀, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, fò sí ẹ̀gbẹ́ géètì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìdúró o!"

Mo wà á títí dé Ọ̀yìngbò. Ibẹ̀ ni mo ti dúró de àwọn tó ń sọdá, èmi nìkan nínú mọ́tò, nígbà tí nǹkan kan ilẹ̀kùn apá kejì láti inú: kó, kó.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì, mo sì ń bá ọ̀nà mi lọ.