Góòlù Méjì Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbá Wọlé

“Ìwádìí kí ni?”

Ọ̀gá Fèrè kò ní kí obìnrin náà jókòó. Ó fi ẹsẹ̀ ti àga kan ṣoṣo tó ṣófo nínú ọ́fíìsì wọnú abẹ́ tábìlì, ó sì ń wo àlejò rẹ̀ bí ẹni ń wo ibi tí òrùlé ti ń jò. Rẹfirí bọ́ọ̀lù ni ọ̀gá yìí kó tó di olóòtú ìròyìn eré ìdárayá ní ilé iṣẹ́ rédíò náà. Ibẹ̀ ló ti gba orúkọ, títí dòní ló sì ń retí pé kí gbogbo ayé dúró bí òun bá ti lanu.

Olùkọ́ yunifásítì ni obìnrin náà. Ó ní òun ń ṣèwádìí lórí bí wọn kò ṣe ń fi ojú kan náà wo ọkùnrin àti obìnrin nídìí ìròyìn eré ìdárayá: ta ló ń kọ ìròyìn, ta ló ń kà á lórí afẹ́fẹ́, eré ta ni wọ́n ń lọ wò.

“Dókítà, ibí yìí kì í ṣe kíláàsì,” ni Ọ̀gá Fèrè wí. “Ẹni tó bá mọ bọ́ọ̀lù là ń gbà síṣẹ́. Ẹ bi ọmọ yìí. Ṣé ọkùnrin lòun náà ni?”

Ọmọ tó nawọ́ sí ni ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìdánwò àṣejáde ní ilé ẹ̀kọ́ girama, tó wá ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Ayékòótọ́ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sọ ọ́ láti kékeré, nítorí kò sí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò tí kò lè sín jẹ. Òun ló ń kọ ọ̀pọ̀ nínú ìròyìn tí àwọn ọkùnrin ọ́fíìsì náà ń kà, wọn kì í sì í dárúkọ rẹ̀. Kò sí ohun tó wù ú láyé bíi kí òun náà jókòó síwájú makirofóònù.

Ọ̀gá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí olùkọ́ tó dé, ó ti fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Bó bá bi ẹ́ ní nǹkan, sọ pé gbogbo ẹ̀ ń lọ dáadáa. Ìwọ lo máa ka ìròyìn Sátidé, a ó sì dárúkọ ẹ.”

Olùkọ́ kọjú sí i. “Àbúrò, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi ẹ́. Bí àwọn obìnrin bá ń gbá bọ́ọ̀lù, ṣé ẹ máa ń lọ wò wọ́n?”

Ayékòótọ́ mọ ìdáhùn. Kò sẹ́ni tó ń lọ. Wọ́n á ti jókòó sínú ọ́fíìsì kọ ìròyìn náà láti inú orí wọn kí eré tó bẹ̀rẹ̀, àyè iye góòlù nìkan ni wọ́n á fi sílẹ̀. Bí eré bá parí, wọ́n á fi fóònù béèrè ìyẹn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gan-an ni aṣọ́lé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìlú náà, ojoojúmọ́ ló sì ń ráhùn ọ̀rọ̀ yìí sí i létí.

“A máa ń lọ, mà,” ni Ayékòótọ́ wí.

Olùkọ́ kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. “Ó dáa,” ló wí, ó sì jáde. Ọ̀gá Fèrè rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tó di Sátidé, Ayékòótọ́ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti béèrè iye góòlù. Fóònù ń dún, kò gbé e. Ó tún pè é, kò gbé e.

“Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n sáré dé pápá. Kò jìnnà.”

“Ìròyìn ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀,” ni Ọ̀gá Fèrè wí láìgbójú sókè. “Kọ góòlù méjì sí òdo. Ta ló máa béèrè? Àbí kí n pe ẹlòmíì wá kà á?”

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló mú un. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé bó bá jẹ́ pé irọ́ ni òun máa pa, irọ́ tó máa dùn mọ́ ará ilé òun ni kó jẹ́. Ó fi góòlù méjì ta ẹgbẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́rẹ. Ó ní aṣọ́lé wọn fò bí ológbò mú bọ́ọ̀lù, ó ní àwọn òǹwòran ń hó yèè. Ohùn ọmọ náà dùn lórí afẹ́fẹ́ lọ́jọ́ náà, kí n má parọ́ mọ́ ọn.

Ta ló sọ fún un pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́? Lẹ́nu géètì pápá, àwọn agbábọ́ọ̀lù obìnrin jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú jẹ́sì wọn. Wọ́n ti ti géètì mọ́ wọn láti ọ̀sán. Àwọn aláṣẹ ti gbé pápá fún àwọn bàbá oníkùn kan tó fẹ́ fi bọ́ọ̀lù na ara. Ẹ̀gbọ́n Ayékòótọ́ ti bá ẹ̀ṣọ́ géètì fà á títí, fóònù rẹ̀ ń dún nínú báàgì, kò gbọ́. Olùkọ́ yunifásítì, tó wá wo eré wọn, wà láàárín wọn. Ó ti ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò rẹ̀ sílẹ̀, ó sì yí rédíò sókè. Gbogbo wọn ló jọ gbọ́ bí wọ́n ṣe borí lórí pápá tí ẹsẹ̀ wọn kò tẹ̀.

Kò pẹ́ tí àwọn tó mọ̀ pé eré náà kò wáyé fi bẹ̀rẹ̀ sí í pe ilé iṣẹ́ rédíò, wọ́n ń bú wọn. Alákòóso àgbà sọ̀kalẹ̀ wá, ojú rẹ̀ pọ́n.

“Òun ló kọ ọ́, òun ló kà á,” ni Ọ̀gá Fèrè wí, ó na ìka sí Ayékòótọ́. “Ohun tí mo ń sọ nípa obìnrin nídìí iṣẹ́ yìí nìyẹn.”

“Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ ní kí n kọ ọ́.”

“Ṣé ẹnu mi lo fi kà á ni? Ẹni tó bí ọmọ ọ̀ràn ló ń pọ̀n ọ́n.”

Wọ́n ní kó gbé báàgì rẹ̀, kó máa lọ. Kò sẹ́ni tó ní kí Ọ̀gá Fèrè gbé tiẹ̀.

Ó sáré dé pápá. Ó kí àwọn agbábọ́ọ̀lù náà. Ọ̀kan nínú wọn pàtẹ́wọ́. “Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, kú iṣẹ́ o. Èwo nínú wa ló gbá èkejì wọlé?”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dìde. “Wọ́n lé wa kúrò lórí pápá wa, a sì fẹ́ kí ìlú gbọ́. Ohun tí ìlú wá gbọ́ lẹ́nu ẹ ni pé a gbá a, a sì borí. Ta ló máa gbọ́ ẹjọ́ wa mọ́? Góòlù méjì tó o fún wa, gbà á padà.”

Ayékòótọ́ yíjú sí olùkọ́. “Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má kọ irọ́ mi sínú ìwádìí yín.”

“Màá kọ ọ́,” ni olùkọ́ wí. Kò pariwo, kò sì rọ ohùn rẹ̀. “Mo ti mọ̀ pé irọ́ lo ń pa lọ́jọ́ yẹn. Ìwọ ni mo fẹ́ kó sọ òtítọ́, torí inú ibẹ̀ lo wà. Ọ̀gá ẹ ló ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo wa. Ìwọ lo bá a di kọ́kọ́rọ́ mú.”

Ojú ti ọmọ náà débi pé kò lè gbórí sókè. “Ẹ tún mi bi, mà.”

“Ṣé ẹ máa ń lọ?”

“A kì í lọ, mà. A kì í lọ rárá.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó kọjá lára rẹ̀, ó sì lọ.

Gbogbo Sátidé ni Ayékòótọ́ ń dúró létí pápá báyìí, kò mú makirofóònù dání, eré ló ń wò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò tíì bá a sọ̀rọ̀ dáadáa. Ọ̀gá Fèrè ṣì wà lórí àga rẹ̀, ọmọbìnrin míì ló sì ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fetí sílẹ̀: ẹni tó ń fi ẹ̀tọ́ yín dù yín lè fún yín láyè díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, kí ẹ lè bá a fi irọ́ bo ìwà rẹ̀. Ọjọ́ tí irọ́ náà bá tú, ẹ̀yin ni yóò kọ́kọ́ nawọ́ sí. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ohun tí ojú yín kò bá rí, ẹ má fi ẹnu yín sọ ọ́.