Kébù Tó Kúrú

“Marnie, ṣé ẹ ti ṣègbéyàwó ni, ìwọ àti alùpùpù yẹn?” Dalton, ọmọ kíláàsì rẹ̀, ń pariwo láti inú ọkọ̀ akẹ́rù bàbá rẹ̀, ó sì ń fun fèrè. “Àwa ń lọ o!”

Marnie kúnlẹ̀ nínú gáréèjì pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́, gírísì ti dé ìgúnpá rẹ̀. Alùpùpù bàbá rẹ̀ ló ń tún ṣe, irú èyí tó ń sáré lójú títì tó sì tún ń gun òkè nínú igbó. Royce, bàbá rẹ̀, ló máa ń kó àwọn ọdẹ lọ sórí òkè Idaho tiwa níbí, alùpùpù yìí ló sì fi ń lọ tọ́jú àgọ́ kí wọ́n tó dé. Ṣùgbọ́n ọwọ́ alùpùpù náà rẹlẹ̀ jù, ẹ̀yìn sì ń dun Royce. Ìdí nìyẹn tó fi ra irin méjì tí wọ́n fi ń gbé e ga, tó sì ní kí Marnie dè é mọ́ ọn. Inú ọmọ náà dùn. Nílé wọn, ẹni tí Royce bá gbé sípánà lé lọ́wọ́, ó ti fọkàn tán an nìyẹn.

“Tó o bá gbé ọwọ́ rẹ̀ ga, wáyà kébù tó ń fún ẹ́ńjìnnì níná lè kúrú jù,” Royce ti sọ fún un láàárọ̀. “Tó o bá ti dè é tán, tan ẹ́ńjìnnì. Yí ọwọ́ rẹ̀ sọ́tùn-ún dé òpin, kó o yí i sósì dé òpin. Tẹ́tí sí i. Bí ìró rẹ̀ bá ga láìjẹ́ pé o fún un níná, kébù ló ń fà yẹn. Tú u, kó o tún un tò.”

“Mo ti gbọ́, Dádì.”

Ó dè é tán, ó sì dè é dáadáa. Ó tan ẹ́ńjìnnì, ó yí i sọ́tùn-ún. Ìró rẹ̀ kò yí padà. Bó ṣe fẹ́ yí i sósì ni Dalton tún fun fèrè.

“Ẹ jẹ́ ká máa lọ jàre! Ọmọ Dádì ò ráyè.”

Adágún omi gbígbóná tó wà lórí òkè ni wọ́n fẹ́ lọ wẹ̀, gbogbo kíláàsì wọn ló sì ń lọ. Marnie mọ̀ pé bí ìró náà bá ga, òun ní láti tú táńkì epo sílẹ̀ kóun tó lè tún kébù náà tò, ilẹ̀ á sì ṣú. Ó pa ẹ́ńjìnnì.

Royce wọlé, ó gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, ó ti fẹ́ gun alùpùpù náà lọ sí àgọ́. “Ṣé o yí i lọ́tùn-ún lósì?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Dádì.”

“O tẹ́tí sí i?”

“Mo tẹ́tí sí i. Kò ṣe nǹkan kan.”

Royce rẹ́rìn-ín. “Ọmọ mi dáadáa. Máa bá wọn lọ, kí fèrè yẹn má baà di wá létí.”

Ọmọ náà sáré jáde. Kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

Ojú ọ̀nà tó tọ́ kì í mú ènìyàn yí ọwọ́ alùpùpù dé òpin, nítorí náà Royce kò fura. Ṣùgbọ́n ọ̀nà òkè wa lọ́ bí ìfun ewúrẹ́. Níbi tó ti lọ́ jù lọ, Royce rọra yí ọwọ́ alùpùpù sósì pátápátá. Kébù fà, ẹ́ńjìnnì ké, alùpùpù fò kọjá etí ọ̀nà, ó sì wó lé Royce lẹ́sẹ̀ láàárín àpáta.

Ọkọ̀ Dalton ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀ nígbà tí wọ́n ń darí bọ̀.

“Iná wo ló ń tàn nísàlẹ̀ yẹn?” Dalton béèrè.

Marnie ti bẹ́ sílẹ̀. Irun rẹ̀ ṣì tutù. “Dádì! Dádì!”

“Bí mo ṣe yí i sósì ló ké,” Royce wí. “Marnie, ṣé o yí i lóòótọ́?”

Marnie ń fa alùpùpù náà kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò wojú rẹ̀. Royce gbójú kúrò lára rẹ̀.

Ẹsẹ̀ náà ṣẹ́ gan-an. Àwọn ọdẹ bá ẹlòmíràn lọ lọ́dún náà. Royce ta àwọn ìbaaka tó fi ń ru ẹrù, ìyàwó rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ abọ́ nílé oúnjẹ ẹ̀bá títì. Marnie lọ bá Dalton, bóyá á rí ẹni tí á tù ú nínú.

“Ṣé èmi ni mo ní kó o parọ́ fún bàbá ẹ?” Dalton wí. “Fèrè lásán ni mo fun.”

Ọ̀rọ̀ náà korò, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Nígbà tí òtútù dé, Royce ti ń fi ọ̀pá rìn. Lọ́jọ́ kan, Marnie wọlé láti ibùjẹ ẹṣin.

“Dádì, mo ti ti géètì àwọn ẹṣin.”

Royce gbé ife kọfí rẹ̀ sílẹ̀. Ó na ọwọ́ mú ọ̀pá, ó wá bàtà rẹ̀.

“Dádì, yìnyín ń bọ́ níta. Mo ní mo ti tì í.”

“Mo gbọ́,” Royce wí, ó sì ṣílẹ̀kùn.

Ó tiro gba inú yìnyín lọ wo géètì. Ó wà ní títì. Marnie dúró lójú fèrèsé, ó ń sunkún.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, ẹyin lohùn. Bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó. Egungun tó ṣẹ́ lè so padà. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá ti ká irọ́ mọ́ lẹ́nu, bó bá wá ń sọ òótọ́, àwọn èèyàn á ṣì máa lọ fojú ara wọn wò ó.