Èyí Tó Wà Lára Ògiri

Kò sírọ́ ńbẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó lọ bá Ràhímù tó ń gba ohùn sílẹ̀ nílùú Oǹdó. Kò ní dá a lóhùn, àmọ́ kó wo ojú rẹ̀.

Àkúrẹ́ ni mò ń gbé, èmi nìkan. Ó pé oṣù méje tí mo sin Bọ́láwálé, ọkọ mi. Ọ̀sẹ̀ méjì làwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì fi wá. "Ó tó, Monílọ́lá. Má sunkún mọ́." Bí ẹni ń pa rédíò. Kò sẹ́ni tó jókòó bá mi sun ún. Fọ́tò rẹ̀ kan ṣoṣo ló kù, lára ògiri pálọ̀. Òun ni mò ń kí láràárọ̀, òun náà ni mò ń bá jà tí iná bá lọ.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa yá àwọn ènìyàn inú kátúùnù ní ohùn Yorùbá. Èyí tí Ràhímù pè mí sí, Japan ló ti wá. Ìtàn àtijọ́ ilẹ̀ Ìráàkì ni wọ́n gbé lọ sójú sánmà: ọbabìnrin àwọn òkú ń gbé nínú ayé kan tí wọ́n fi irin ṣe. Ó gbé òkú àbúrò rẹ̀ kọ́ sára ògiri. Ó wá dùbúlẹ̀, ó ń kérora, kò sẹ́ni tó gbọ́. Ni wọ́n bá rán rọ́bọ́ọ̀tì méjì tí kò ju eṣinṣin lọ sí i, kí wọ́n máa bá a kérora. Inú rẹ̀ á dùn, á ní kí wọ́n béèrè ohun tó wù wọ́n. Òkú yẹn ni wọ́n á béèrè, kí wọ́n lè jí i.

Èmi ni ọbabìnrin. Ẹni tí yóò yá àwọn rọ́bọ́ọ̀tì lóhùn kò tíì dé.

Ọ̀sán gangan ni. Fóòmù bo gbogbo ògiri yàrá tí Ràhímù ti ń gba ohùn sílẹ̀ ní Oǹdó. A ò gbọ́ ọ̀kadà, a ò gbọ́ adìẹ. Mo ki íápíìsì bọ etí.

"Yéè, inú mi," ni mo kà.

"Yéè, inú rẹ."

Ohùn méjì, tín-ín-rín. Mo wo Ràhímù láti ojú gíláàsì. Ẹ̀rọ rẹ̀ ló ń wò.

"Yéè, ẹ̀yìn mi."

"Yéè, ẹ̀yìn rẹ."

Mo gbé ìwé sílẹ̀. "Ọkọ mi," ni mo wí.

"Ọkọ rẹ," ni wọ́n wí, wọ́n sì bú sẹ́kún.

A jọ sun ún, ó pẹ́. Ẹ má bi mí bóyá ẹ̀rù bà mí. Ó tù mí lára.

"Kí lẹ fẹ́?" ni mo bi wọ́n.

"Èyí tó wà lára ògiri rẹ."

Mo mọ èyí tí wọ́n ń sọ. Mo lè ní rárá. Àmọ́ ó ti pẹ́ tẹ́nì kan ti ṣe mí lóore.

"Ẹ mú un."

Ràhímù yọ íápíìsì tirẹ̀. Ó jù ú sórí tábìlì. "Àǹtí, ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ìwọ náà gbọ́."

Ó pa ẹ̀rọ, ó ní kí n máa lọ sílé.

Nígbà tí mo dé Àkúrẹ́, férémù wà lórí ìṣó rẹ̀, gíláàsì ò sán. Fọ́tò ò sí nínú ẹ̀. Fún ọjọ́ mẹ́ta, mi ò ti ilẹ̀kùn. Mo ní bí wọ́n bá jí i, ilé náà ló máa wá. Kò wá.

Lọ́jọ́ kẹrin, Ṣàkírátù tó ń ta aṣọ pè mí. Ó ti wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti ọdún tó kọjá, kò gbọ́ pé ọkọ mi kú. Ọjà ló gbé wá sí Oǹdó lọ́jọ́ náà.

"Àǹtí, mo rí ọkọ yín ní Oǹdó láàárọ̀ yìí. Mo béèrè yín. Ó ní òun ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Báwo lara ẹ̀?"

"Ara ẹ̀ le. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ jà ni?"

"A ò jà."

Láti kékeré la ti ń gbọ́ ọ pé àkúdàáyà kì í dúró de ẹni tó mọ̀ pé ó ti kú. Tó bá fura, á tún fi ìlú náà sílẹ̀.

"Tó o bá tún rí i," ni mo wí, "bá mi kí i. Má dárúkọ mi."