Kámẹ́rà Onígi

Bọ́tìnnì tí Fúnminíyì tẹ̀ já bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó yí kámẹ́rà fídíò tuntun náà síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó fi èékánná ha ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀dà dúdú ṣí, igi pupa yọjú. Igi ni látòkè délẹ̀! Ẹnìkan ló jókòó gbẹ́ ẹ, tó fi ìdí ìgò ṣe ojú rẹ̀, tó wá lẹ páálí rẹ̀ pa bí ẹni pé òkè òkun ló ti ń bọ̀.

"Mo gbé!" ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Kì í ṣe pé kò yẹ ọjà wò. Lánàá, nígbà tí ọkùnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Injiníà Bọ́lárìnwá wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìlá, Fúnminíyì fi ojú ẹni tó ti ń ya fídíò ìgbéyàwó tipẹ́ yẹ kámẹ́rà àfihàn rẹ̀ wò fínnífínní. Ó so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ó ti fèrèsé kí inú ilé ṣú, àwòrán ṣì mọ́ gaara. Ó fa àwòrán súnmọ́ títí ó fi rí irùngbọ̀n ewúrẹ́ tó wà lódìkejì títì. Ó gbé e sáré yí ilé ká, àwòrán kò gbọ̀n rárá. Ṣùgbọ́n inú páálí ni èyí tí wọ́n tà fún un wà, Injiníà sì kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ ṣí i títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, kí ooru ilẹ̀ wa má baà ba inú rẹ̀ jẹ́.

Ó san owó, ó tún fi kámẹ́rà rẹ̀ àtijọ́ lé e. Ayọ̀ kò jẹ́ kó rántí pé kásẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó Ṣàkírátù, ọmọ Mùstàfá onímọ́tò, ṣì wà nínú rẹ̀. Òun kan ṣoṣo náà ló sì wà.

Nígbà tó ròyìn fún Mùstàfá, ọkùnrin náà ò bínú.

"Ijó tí ìyá mi jó ńkọ́? Láti ìgbà tí ẹsẹ̀ ti ń dùn wọ́n, ọjọ́ yẹn nìkan ni wọ́n jó."

"Ó wà nínú ẹ̀, Bùrọ̀dá."

"Wọ mọ́tò."

Píjó Mùstàfá gbéra, ó di Ọ̀tan, níbi tí Injiníà ti sọ pé òun tún máa tajà. Bí wọ́n ṣe ń wọ gáréèjì Ọ̀tan ni Dátìsọ̀nù tí Injiníà gbé wá sí Ìlá ń jáde, páálí kún ẹ̀yìn rẹ̀. Mùstàfá yí mọ́tò padà, ṣùgbọ́n lọ́ọ̀rì agégẹdú dábùú ọ̀nà. Kí ó tó kúrò, Dátìsọ̀nù ti pòórá.

"Ìgbájọ ló ń lọ," ni ọlọ́kadà kan sọ. "Àwọn oní-fótò ń dúró dè é ní gbọ̀ngàn ìlú."

Ní òkè Ìgbájọ, Píjó bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín. Omi àlùwàlá inú bútà ni Mùstàfá dà sí i tó fi tún gbọ̀nà. Àgọ́ ọlọ́pàá ni wọ́n kọ́kọ́ yà. Sájẹ́ǹtì Babáyẹmí gba kámẹ́rà onígi náà, ó rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì tẹ̀ lé wọn.

Nínú gbọ̀ngàn, Bàbá Dáhùnsí, àgbà oní-fótò, ti ń tú owó jáde lápò. Injiníà rí Fúnminíyì, ó fi ẹ̀rín bò ó.

"Màdámù! Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa?"

"Ó dára gan-an. Ẹ ṣí ti Bàbá, kí wọ́n rí i."

"Ó máa bàjẹ́."

"Kó bàjẹ́."

Bàbá Dáhùnsí kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó fi àlùmọ́gàjí ya páálí, ó gbé kámẹ́rà sójú, ó tẹ̀ ẹ́. Ó wá fi kan tábìlì: kó, kó, kó!

Ẹ̀rín bú nínú gbọ̀ngàn. Injiníà fò gba fèrèsé, ọwọ́ Mùstàfá tó ti dúró síta ló sì bọ́ sí.

Sájẹ́ǹtì dì í mú ní kọ́là. "Orúkọ rẹ?"

"Injiníà Bọ́—"

"Èyí tí bàbá rẹ sọ ọ́!"

"Ògúntúndé, sà."

"Iṣẹ́ rẹ?"

"Káfíńtà."

"Ta ló gbẹ́ àwọn nǹkan wọ̀nyí?"

"Èmi ni, sà. Ẹ jọ̀ọ́, sà. Mo ta mẹ́ta ní Ọ̀rà náà."

Sájẹ́ǹtì yẹ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wò. "Iṣẹ́ rẹ mọ́ o! Ká ní àga lò ń kàn, àwa la ò bá máa wá ọ kiri pé kó o wá gbaṣẹ́."

Wọ́n ṣí búùtù Dátìsọ̀nù. Kámẹ́rà Fúnminíyì wà níbẹ̀, àti owó àwọn tó lù ní jìbìtì nínú àpò kan. Fúnminíyì so kámẹ́rà mọ́ tẹlifíṣọ̀n gbọ̀ngàn. Àwòrán gbọ̀n díẹ̀, ó dúró. Ìyá arúgbó kan yọ, ó ká ìró sókè, ó ń fi ìdí jó lọ bọ̀.

"Ìyá mi nìyẹn!" Mùstàfá pariwo. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú.

Fúnminíyì yọ kásẹ́ẹ̀tì náà, ó fi lé e lọ́wọ́, ó ki òmíràn bọ kámẹ́rà, ó gbé e lé èjìká. Wọ́n ti ń fa Ògúntúndé lọ sí àgọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú.

"Sájẹ́ǹtì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yára rìn bẹ́ẹ̀," ni Fúnminíyì ké sí wọn. "Ẹ jẹ́ kó kọjú síbi tí oòrùn wà."