Ẹni Tó Yọ Wáyà

Ọmọbìnrin kan gbá kọ̀ǹpútà mọ́ àyà bí ìgbà tí èèyàn gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá, ó sì fi èjìká ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wọlé. Inú ń bí i gidigidi, síbẹ̀ ojú rẹ̀ dára débi pé ọ̀dọ́kùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe gbàgbé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ̀yin lẹ ní Línúùsì ni kó máa darí kọ̀ǹpútà ilé ìtẹ̀wé bàbá mi. Láti ìgbà tó ti gba kẹ́nẹ́ẹ̀lì tuntun, èyí tí ẹ pè ní ọkàn ẹ̀, ojú ẹ̀ ṣókùnkùn. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn?”

“Ẹ jókòó ná, arẹwà oníbìínú.”

“N ò jókòó.”

Ọ̀dọ́kùnrin náà tan ẹ̀rọ ọ̀hún. Fáànù ń yí, ojú ò mọ́lẹ̀. Ó pa á, ó tún un tàn, ó di bọ́tìnnì kan mú títí orúkọ àwọn kẹ́nẹ́ẹ̀lì fi tò sójú ẹ̀rọ, ó sì mú ti àtijọ́. Ojú ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ kedere.

“Iná kú nígbà tí kẹ́nẹ́ẹ̀lì tuntun ṣì ń wọlé, kò tíì parí. Ohun tó ń darí ojú ẹ̀rọ ò rí àyè wọlé. Ta ló yọ wáyà iná?”

Ọmọbìnrin náà wo ilẹ̀, ọ̀rọ̀ sì yé ọ̀dọ́kùnrin náà. Òun ni, nígbà tó ń kánjú lọ sílé. Kò lè sọ fún bàbá rẹ̀.

Ọ̀dọ́kùnrin náà wá parí iṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé. Iṣẹ́ parí, síbẹ̀ kò yéé wá. Ìfẹ́ wọ̀ wọ́n lára. Ṣùgbọ́n nígbà tó wá tọrọ ọmọ, bàbá fárígá.

“Ìwọ tó ba ẹ̀rọ mi jẹ́? Ọmọ mi lo tún fẹ́ bà jẹ́?”

“Ẹ má bínú, bàbá. Ẹ̀bi mi ni.”

Irọ́ gbuu! Ọmọbìnrin tọ́rọ̀ kàn gan-an ló sì dúró níbẹ̀ tó ń gbọ́ ọ. Ara rẹ̀ ò gbà á mọ́.

“Bàbá mi, èmi ni mo yọ wáyà. Ẹ̀rù yín ló bà mí.” Ó kọjú sí olólùfẹ́ rẹ̀. “Ìwọ náà, ta ló ní kó o ru ẹrù mi?”

“Mo fẹ́ bò ẹ́ láṣìírí ni, ọ̀wọ́n mi.”

“Ṣé ọmọdé ni mí?”

Bàbá wò ó tìbínú-tìbínú. “Gbogbo bí mo ṣe ń bú ọmọ ọlọ́mọ káàkiri àdúgbò, o dákẹ́?” Ó yíjú sí ọ̀dọ́kùnrin náà. “Tí mo bá fi ọmọ mi fún ẹ, ṣé gbogbo ẹ̀bi ẹ̀ lo fẹ́ máa gbà?”

“Rárá, bàbá mi,” ni ọmọbìnrin náà dáhùn. “Èyí tó bá jẹ́ tèmi, èmi ni màá máa jẹ́wọ́ ẹ̀.”

Bàbá mí kanlẹ̀.

“Lọ pe ìyá ẹ. Sọ fún un pé kó wá kí àna ẹ̀.”